Àyẹ̀wò Àrùn Inú Ẹṣin nínú Ìtàn Ilẹ̀ Yorùbá, pẹ̀lú Àkíyèsí láti Ọ̀kà Àkókó

Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ọ̀nà tí èèyàn fi ń mọ̀ pé inú ẹṣin kò dára, àti irú àìdára tó jẹ́. Ó lè ya ẹlòmíì lẹ́nu pé Ọ̀kà Àkókó ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń bọ̀, torí ìlú òkè àti àpáta ni tiwa, ẹṣin ò sì fi bẹ́ẹ̀ rílé gbé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo agere Ifá. Èyí tó ní jagunjagun lórí ẹṣin lára kò níye. Ẹ wo ẹpa àwọn ará Èkìtì tó múlé tì wá, ẹ wo òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀, ẹni tó kú ní 1938, gbẹ́ fún àwọn ọba. Ẹṣin wà níbẹ̀. Ìrùkẹ̀rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ awo ńkọ́? Ìrù ẹṣin ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn nínú rẹ̀. Kódà tí a bá fẹ́ sọ bí òwe ti ṣe iyebíye tó, a ó ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Àwọn baba wa tí ò gẹṣin rí láyé wọn ń pa òwe yìí lójoojúmọ́.

Ẹṣin inú igi kì í ṣàìsàn. Ẹṣin ẹlẹ́ran-ara ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Lọ́dọọdún ni ẹṣin ń péjọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, wọ́n ń gùn ún ní Ìlọrin, ààfin kan àti òmíràn sì ní tiwọn. Bí inú ẹṣin bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í run ún lóru, ta ni wọn yóò pè? Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé kò sí ìṣègùn ẹṣin tí kò sí nínú Ifá, pé kí wọ́n ṣáà gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ kalẹ̀. Èmi ò lòdì sí gbígbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ kalẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìmọ̀ nípa inú ẹṣin ní ìtàn tirẹ̀, ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa yàtọ̀, àwọn tó sì mú un wá kì í ṣe awo. Tí a ò bá mọ ìtàn yẹn, a ó máa gba iyì oníyì, ẹṣin á sì máa kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú inú tí ẹṣin ní, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti ṣẹ̀. Màlúù ń jẹ àpọ̀jẹ, ajá ń bì, èèyàn ń bì. Ẹṣin kì í bì. Iṣan tó wà ní ẹnu àpòlukù rẹ̀ le débi pé ohun tó bá ti wọlé kò ní padà sẹ́nu mọ́. Àpòlukù náà kéré sí ara ńlá tó gbé e: lítà 8 sí 15 péré ló ń gbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìfun kékeré tó gùn tó mítà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àpò ìfun ńlá kan wà lápá ọ̀tún tó ń gba bíi lítà 30, níbi tí koríko ti ń kan bí ìgbà tí a bá rẹ àgbàdo fún ògì. Ìfun ńlá ló wá tẹ̀ lé e, ó ká lé ara rẹ̀, ó sì fún lójijì níbì kan tó ti ṣẹ́ kọ́nà. Ibi kọ́nà yẹn ni koríko gbígbẹ sábà máa ń há sí. Púpọ̀ nínú ìfun yìí ni kò so mọ́ ara ògiri ikùn dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi lè lọ́ bí okùn. Ẹranko tó lágbára tó yẹn, ilé inú rẹ̀ kò lágbára rárá.

Àwọn tó ti ń sin ẹṣin tipẹ́ ti mọ èyí ká tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Róòmù àti Gíríìkì ní oníṣègùn ẹṣin tó ń tẹ̀ lé ọmọ ogun. Ìkọ̀wé Apsyrtus, tó jẹ́ oníṣègùn ẹṣin ológun, wà títí di òní, ti Vegetius náà wà, inú rírun sì wà lára ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ jù. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Lárúbáwá gba iṣẹ́ náà. Wọ́n ń pe oníṣègùn ẹranko ní bayṭār. Ọ̀kan nínú wọn, Abu Bakr ibn al-Mundhir, kọ ìwé ńlá kan lórí ẹṣin fún Sultan al-Nasir Muhammad ti ilẹ̀ Íjíbítì, tó wàjà ní 1341. Nígbà tí ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Mali, Borno àti ilẹ̀ Hausa, kò dá wá. Àwọn tó ń fà á lókùn, tí wọ́n mọ ohun tó ń jẹ àti ìgbà tó ń mu omi, bá a wá. Iye tí wọ́n ń tà á kì í ṣe kékeré. Leo Africanus kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé ọba Borno ń fi ẹrú 15 tàbí 20 gba ẹṣin ẹyọ kan. Ó dùn mí láti kọ ọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ẹranko tí wọ́n fi orí èèyàn 20 rà, kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú inú rírun rẹ̀.

Ọ̀yọ́ Ilé ló kọ́kọ́ sọ ẹṣin di agbára nílẹ̀ wa. Ní 1698, àwọn ẹlẹ́ṣin láti òkè wá kógun ja Allada, Bosman, ará Holland tó ń ṣòwò ní etí òkun nígbà náà, sì kọ nípa ìpayà tí wọ́n dá sílẹ̀. Ọ̀yọ́ ni àwọn onítàn gbà pé ó rán ogun náà. Láti 1726 títí dé 1730, Ọ̀yọ́ ń lọ ja Agájá ọba Dahomey léraléra. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi nìyí. Agájá kò lè dúró ko ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ lójú ní pápá, ó sì rí ọgbọ́n kan dá: yóò kó àwọn èèyàn rẹ̀ sá wọ igbó. William Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ òkun tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1734, sọ pé òjò àti àìsí koríko fún ẹṣin wà lára ohun tó ń lé ogun Ọ̀yọ́ padà sílé. Ẹ ò rí i pé ikùn ẹṣin ló ń sọ ọjọ́ tí ogun yóò parí! Àwọn onítàn wa máa ń ka orúkọ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò àti Ẹ̀ṣọ́, ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé ẹṣin kò gbọ́dọ̀ bọ́ láti orí koríko tútù sórí ọkà bàbà lójijì (ọkà tí à ń jẹ ni mo wí o, kì í ṣe Ọ̀kà ìlú wa), òun náà jagun.

Láàfin Ọ̀yọ́, Olókùn-Ẹṣin kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ lásán. Oyè ni, Johnson sì kà á mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ bá Aláàfin kú. Ẹ̀yin tó mọ eré Ọba Wàjà tí Dúró Ládípọ̀ gbé jáde ní 1964 kò ní gbàgbé. Ẹni tí a ní kó bá ọba lọ nítorí pé òun ló di okùn ẹṣin mú, ó yẹ kí a lè fojú inú wo bí ọ̀rọ̀ ẹṣin ti wúwo tó nílùú náà. Àmọ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́, bíi gbígé koríko, fífún lómi àti títẹ́tí sí ikùn, ọwọ́ àwọn mìíràn ló wà. Johnson sọ pé àwọn ẹrú Hausa pọ̀ ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń fárí, tí wọ́n ń ṣe okùn, tí wọ́n sì ń da màlúù. Èrò tèmi ni pé níbi tí olókùn àti adaran bá ti jẹ́ Hausa, tí ẹṣin fúnra rẹ̀ sì ń tilẹ̀ Hausa wá, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ ẹṣin yóò wà lọ́wọ́ wọn. Ní 1817, Àfọ̀njá ní Ìlọrin kéde pé òmìnira ń bẹ fún wọn, wọ́n sì sá lọ bá a. Lẹ́yìn náà ni Ìlọrin bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní, ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wọlé sì dí mọ́ Ọ̀yọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ọ̀yọ́ pàdánù ẹṣin. Ohun tí a kì í sọ ni pé ó pàdánù etí tó ń gbọ́ inú ẹṣin náà.

Níhìn-ín ní Àkókó, ọ̀tá ló gun ẹṣin tí a mọ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bida ń wá kó ẹrú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ògbà sí ìlú kan àti òmíràn. Òkè ni odi àwọn baba wa. Ẹṣin tí ń sáré ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò lè gun àpáta Ọ̀kà, bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́ṣin tó bá sọ̀ kalẹ̀ sílẹ̀ kò jù bí èèyàn ẹlẹ́sẹ̀ méjì mìíràn lọ. Nígbà tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bida ní oṣù kìíní 1897 ni ìyẹn dáwọ́ dúró, tí àwọn èèyàn sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wá sí ẹ̀bá ọ̀nà. Òkè nìkan kọ́ ló gbà wá, bí mo ti rò ó. Eṣinṣin tsetse inú igbó náà jà fún wa. Ní 1895 ni David Bruce, tó ń ṣiṣẹ́ ní Zululand, fi hàn pé kòkòrò tíntínní inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní trypanosome, ló ń pa ẹranko tí tsetse bá jẹ. Ẹṣin tí ó bá kó o á máa gbóná, á rù, abẹ́ ikùn rẹ̀ á sì wú. Ẹni tí ò mọ̀ yóò sọ pé àrùn inú ni. Ṣùgbọ́n omi abẹ́ awọ ni wíwú yẹn: bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka á wà níbẹ̀. Inú tí afẹ́fẹ́ kún kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń wú, ó sì ń dún bí ìlù tí a bá fi ìka ta á.

Báyìí ni àwòrán ẹṣin ṣe jìnnà ju ẹṣin lọ. Ní Igbo-Ukwu, nínú igbó ilẹ̀ Ìgbò, Thurstan Shaw hú idẹ kan tó ní ọkùnrin tó gẹṣin jáde ní 1959 sí 1960, iṣẹ́ ọwọ́ tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìmọ̀ inú ẹṣin kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Òun ni ẹni tó bá ń gbẹ́ agere kò nílò.

Ìmọ̀ ìgbàlódé náà kò yá. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko àkọ́kọ́ ní Yúróòpù ni Bourgelat dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1761. Ní 1816 ni Laennec ṣe ẹ̀rọ tí dókítà ń fi sétí gbọ́ àyà èèyàn, àwọn oníṣègùn ẹranko sì gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹṣin nígbà tó yá. Ní 1870, Bollinger ní Munich fi hàn pé ọmọ aràn kan máa ń wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ìfun ẹṣin, ó ń dí i, ìfun á sì máa kú nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀. Ó pẹ́ kí oògùn tó pa aràn yẹn dáadáa tó dé. Ivermectin, tó bọ́ sọ́jà ní 1981, ló jẹ́ kí irú inú rírun bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Ilé ìwádìí Vom nítòsí Jos ti wà láti 1924, láti àwọn ọdún 1960 sì ni Ibadan àti Zaria ti ń kọ́ oníṣègùn ẹranko nílé ìwé gíga.

Ó yá, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ìwà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ẹṣin tí inú ń run á kọ oúnjẹ. Á máa fi pátákò wa ilẹ̀, á máa bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, á ká ètè òkè, á na ara bí ẹni fẹ́ tọ̀ kó má sì tọ̀, á dùbúlẹ̀, á dìde, á tún dùbúlẹ̀. Tó bá le, á máa yí gbirigbiri, òógùn á bò ó. Wọ́n á béèrè ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn, torí ẹṣin tí ara rẹ̀ le lè yàgbẹ́ nígbà 8 sí 12 lójúmọ́. Wọ́n á béèrè bóyá wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀, bóyá omi wọ́n, bóyá ilẹ̀ oníyanrìn ló ti ń jẹun.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti etí. Lábẹ́ egungun àgbọ̀n ni wọ́n ti ń ka ìlù ọkàn: 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan fún ẹṣin tó sinmi. Bó bá ti kọjá 60, ọ̀rọ̀ ti ń burú. Bó bá kọjá 80, ó ti burú. Wọ́n á ṣí ètè wo erìgì. Ó yẹ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kó sì tutù. Bí wọ́n bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n sì gbé ìka kúrò, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ kí ìṣẹ́jú-àáyá 2 tó pé. Erìgì tó bá dúdú bí àlùkò, májèlé inú ìfun ti wọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á wá gbé etí lé ẹ̀gbẹ́, òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Inú ẹṣin tó dáa kì í dákẹ́, ó ń kùn, ó ń hó. Lókè apá ọ̀tún, ohùn kan wà bí omi tó ń ṣàn sínú agbada, ó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú kan. Ariwo púpọ̀ lè jẹ́ inú tó kàn ń fún pọ̀. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ló ń ba oníṣègùn lẹ́rù.

Dókítà ẹranko nìkan ló ń ṣe ìyókù. Ó lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ nídìí láti mọ ibi tí ìfun há tàbí tó lọ́ sí. Ó lè ki rọ́bà gba imú wọ àpòlukù. Tí omi púpọ̀ bá tú jáde, ó máa ń fi hàn pé ìfun kékeré ti dí, rírọ̀ yẹn gan-an sì lè gba ẹ̀mí ẹṣin là torí kò lè bì í fúnra rẹ̀. Ó lè fi abẹ́rẹ́ fa omi inú ikùn wò. Ìfun tó bá ti lọ́, iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè tú u, wákàtí mélòó kan sì ni ààyè tó wà, kì í ṣe ọjọ́.

Àmì kan wà tí mo fẹ́ kí awo fara balẹ̀ gbọ́. Ẹṣin lè ti máa yí gbirigbiri fún wákàtí púpọ̀, kó wá ṣàdédé dákẹ́, kó dúró jẹ́ẹ́. Àwọn ará ilé á dúpẹ́, wọ́n á ní ẹbọ ti dà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé àpòlukù ti bẹ́, ìrora ìfẹ̀ ti lọ, ikú ló kù. Ẹ̀rí tó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ ò sí nínú ìwà ẹṣin mọ́: ọkàn tó ń sáré, òógùn tútù àti erìgì dúdú ni. Ẹṣin tó bá sàn lóòótọ́, ọkàn rẹ̀ á rọlẹ̀, á yàgbẹ́, á sì wá oúnjẹ kiri.

Àwọn olùwádìí kan lè fẹ́ fi èyí wé ohun tí à ń ṣe lórí ẹní. Nígbà tí odù bá ti hù sórí ọpọ́n, awo kì í dúró síbẹ̀. Yóò fi ìbò béèrè: ire ni àbí ibi? Bó bá jẹ́ ibi, ṣé ikú ni, ṣé àrùn ni, ṣé òfò ni? Díẹ̀díẹ̀ ni ìbéèrè ń dín ọ̀rọ̀ kù. Oníṣègùn ẹṣin náà ń dín in kù: afẹ́fẹ́ ni àbí ìgbẹ́ tó há, aràn ni àbí yanrìn, èyí tó ń fún pọ̀ ni àbí èyí tó lọ́? Mo gbà pé ètò ìbéèrè wọn jọra. Ibi tí ìdáhùn ti ń wá ni kò jọra, ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ kò ṣe Ifá lóore. Ifá lè sọ ìdí tí ohun kan fi ṣẹlẹ̀ sí onílé, ó lè ní kí wọ́n wá oníṣègùn lọ, irú rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí àwa tí a ń dífá fún aláìsàn. Kò sí awo gidi tó ń fi ìbò ka ìlù ọkàn.

Ọ̀rọ̀ àgbo wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èmi ò sì ní dẹ́nu bò ó. Fífi ìgò tú àgbo sí ẹṣin lọ́fun nígbà tí inú ń run ún léwu lọ́nà méjì: àgbo lè gba ọ̀fun òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró, tàbí kó lọ kún àpòlukù tó ti kún tẹ́lẹ̀, tí kò sì ní ọ̀nà àbájáde. Ewé lè dára, ọ̀nà tó gbà wọlé lè pa ẹṣin. Lóru tí a bá ń retí dókítà, kí wọ́n kó oúnjẹ kúrò níwájú ẹṣin, kí wọ́n sì máa rọra fà á rìn bí kò bá tíì rẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kí ẹnì kan mú tọ́ọ̀ṣì àti aago, kó máa kọ iye ìlù ọkàn àti àwọ̀ erìgì sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fura sí yanrìn, kí wọ́n mú ìgbẹ́ mẹ́fà tó ṣù, kí wọ́n pò ó mọ́ omi nínú ìgò funfun, kí wọ́n jẹ́ kó tòrò. Yanrìn tó bá wà nínú rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ìgò, dókítà á sì rí i nígbà tó bá dé.